Àgékù Àná, Àgékù Òní

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ìbora alábùlẹ̀, pàápàá lórí ìṣòro kan tó máa ń bá gbogbo ẹni tó bá ń fi àgékù aṣọ rán nǹkan: iṣẹ́ àtijọ́ kò tíì parí, tuntun ti wọlé. Àpò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ojú aṣọ tí a rán dé ìdajì wà nínú rẹ̀, òmíràn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, síbẹ̀ àgékù àǹkárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára aṣọ ìyàwó lánàá ti ń pe ọwọ́. Èwo ni kéèyàn mú?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa láti kékeré ni pé kí a parí tàná kí a tó fọwọ́ kan tòní. Mi ò fara mọ́ ọn, ó kéré tán nínú iṣẹ́ yìí. Bí oníbàárà bá sanwó bùbá àti ìró, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ gbé e fún un, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ alábùlẹ̀ kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àtijọ́ ló ń bọ́ tuntun, tuntun ló sì ń ti àtijọ́ síwájú. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń rán méjèèjì ní ìjókòó kan náà ni yóò rí púpọ̀ parí.

Kì í ṣe gbogbo wa ló ń rán an, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á sílẹ̀. Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Èyí tó wà lókè ni ojú aṣọ, òun ni a fi àgékù oríṣiríṣi rán pọ̀. Òwú tó ń mú un móoru wà láàárín. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ẹ̀yìn aṣọ, tó sábà máa ń jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tàbí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú. Bí a bá ti tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, a óò fi abẹ́rẹ́ gún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ìlà-ìlà, kí òwú má baà ṣù jọ sójú kan. Iṣẹ́ méjì gedegbe ni: rírán ojú rẹ̀, àti gígún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọdún púpọ̀ lè wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń dúró mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni abúlé kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò Alabama ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tó sì yí ilẹ̀ náà ká lápá mẹ́ta. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń gbé ibẹ̀. Ní 1816 ni Joseph Gee wá láti North Carolina dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1845, oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mark Pettway, ẹni tó kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú láti North Carolina, tó sì mú kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Alabama. Orúkọ Pettway yẹn ṣì ni ọ̀pọ̀ ará abúlé náà ń jẹ́ títí dòní. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, wọ́n di àgbẹ̀ tó ń pín irè oko pẹ̀lú onílẹ̀, tó sì ń ra nǹkan láwìn títí ìkórè yóò fi dé. Ní 1932, oníṣòwò kan tí wọ́n jẹ ní gbèsè ti kú, opó rẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ gba ohun tó jẹ́ tòun. Wọ́n kó ẹran ọ̀sìn, wọ́n kó irinṣẹ́ oko, wọ́n kó oúnjẹ tí àwọn ènìyàn náà tọ́jú pa mọ́. Ebi tó jà lẹ́yìn náà le débi pé Red Cross ló gbé oúnjẹ wá.

Obìnrin tó wà nínú ilé onípákó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí òtútù ń gba àlàfo pákó wọlé, kò ní owó aṣọ. Ohun tó ní ni ṣòkòtò oko tí eékún rẹ̀ ti já, ẹ̀wù tí kò gba ọmọ mọ́, àpò ajílẹ̀ àti àpò ìyẹ̀fun. Òwú àárín, wọ́n ń ṣa á nínú èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń fi igi lù ú kó lè tú kó sì rọ̀. Oníkálukú ń rán ojú aṣọ nínú ilé tirẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti ti ilé ìdáná. Nígbà òtútù, tí irè oko bá ti wọlé tán, wọ́n á kóra jọ yí férémù onígi ká. Wọ́n á gún ti ìyá kan tán, wọ́n á bọ́ sí ti èkejì.

Ẹ ṣàkíyèsí ètò yẹn dáadáa. Bí ojú aṣọ kan bá ti pé, wọ́n á ká a pa mọ́ de ìgbà férémù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwà àìfọkànsí. Àkókò ló pín iṣẹ́ náà sí méjì, àwọn obìnrin náà sì gbà fún àkókò. Àrà tí wọ́n fẹ́ràn jù pàápàá bá irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ mu. Housetop ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín pẹ̀lú àgékù kan onígun mẹ́rin, ẹ ó fi ọ̀já aṣọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó fi òmíràn sí èkejì, títí ẹ ó fi yí i ká, lẹ́yìn náà ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ìyíká mìíràn. Ibi tó bá wù yín lẹ lè dúró sí. Bí ẹ bá padà sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀já aṣọ tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà lẹ ó fi kún un, bí èyí tí ẹ lò tẹ́lẹ̀ bá ti tán, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àrà yìí ni kó kọ́kọ́ kọ́.

Aṣọ kan wà láàárín tiwọn tí n kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Ní 1942, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, Missouri Pettway kó àwọn aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ náà fi sílẹ̀ jọ, ó gé wọn, ó sì rán wọn di aṣọ ìbora, kó lè máa rántí rẹ̀, kó lè máa fi ìfẹ́ rẹ̀ bora sùn. Arlonzia, ọmọ wọn obìnrin, ló sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣọ náà kò ní òdòdó, kò ní àwòrán kankan. Àjákù aṣọ oko ni, tí ó gé ní ọ̀já àti ní onígun mẹ́rin. Nínú irú aṣọ ìbora tí wọ́n fi ṣòkòtò oko rán bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti tú àpò kúrò. Gbogbo àyíká rẹ̀ ti ṣá lójú oòrùn, ṣùgbọ́n ibi tí àpò bò mọ́lẹ̀ ṣì dúdú bí ìgbà tí wọ́n ra aṣọ náà. Ibi eékún ti fẹ́lẹ́, ó funfun ju ìyókù lọ, àbùlẹ̀ sì lè wà lórí rẹ̀ láti ìgbà tí onítọ̀hún ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ sóko. Kí aránṣọ tó fọwọ́ kàn án rárá, àná àti ìjẹta ti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àgékù tuntun ò yẹ kó wà pẹ̀lú àtijọ́, aṣọ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìgbà tí owó wọ ọ̀rọ̀ náà ni ìtàn wọn gba ọ̀nà mìíràn. Ìjà ìdìbò ló ṣáájú rẹ̀. Ní 1962, nígbà tí àwọn ará abúlé náà ń gbìyànjú láti forúkọ sílẹ̀ ní Camden, ìlú tó wà ní òdìkejì odò, kí wọ́n lè dìbò, àwọn aláṣẹ gba ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn sọdá odò kúrò. Ìrìn kúkúrú lórí omi di ìrìn nǹkan bí ogójì máìlì lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kò padà títí di 2006. Martin Luther King wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1965. Ní 1966, àwọn obìnrin Gee's Bend àti ti àgbègbè rẹ̀ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀, Freedom Quilting Bee, pẹ̀lú ìrànwọ́ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Francis X. Walter. Estelle Witherspoon wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ dé New York, nígbà tó sì di 1972, ilé ìtajà Sears gbé iṣẹ́ fún wọn: kí wọ́n máa rán àpò ìrọ̀rí oníkóódúróì.

Iṣẹ́ oníbàárà ní òfin tirẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jọ èkejì, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà, igun tó bára mu. Nílé iṣẹ́, obìnrin kan á rán ohun tí wọ́n yà fún un bí wọ́n ṣe yà á. Nílé, á padà sórí àgékù tirẹ̀, á rán an bó ṣe wù ú, bí aṣọ tó wà nílẹ̀ bá ṣe tó. Iṣẹ́ méjì, ọwọ́ kan. Kóódúróì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé àpò ìrọ̀rí tán ni wọ́n ń dì relé: aláwọ̀ wúrà, aláwọ̀ ewé píà, àwọ̀ ọsàn, àti pupa. Aṣọ yẹn nípọn, kò ṣe é gé wẹ́wẹ́, rírán rẹ̀ sì le ju ti òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti mọ́ wọn lára lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gé e ní gbàgẹ̀dẹ̀, tí ìlà inú rẹ̀ dúró lóròó níhìn-ín, tó dùbúlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bà lé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, àwọn aṣọ kóódúróì yẹn wà lára èyí tó lẹ́wà jù nínú gbogbo iṣẹ́ Gee's Bend. Ká ní àwọn obìnrin náà ti pinnu pé àwọn yóò parí gbogbo iṣẹ́ Sears kí àwọn tó ronú kan tara wọn, a ò bá má rí ẹyọ kan nínú wọn.

Ìyókù ìtàn wọn, ayé ti gbọ́ ọ. Ní òpin àwọn ọdún 1990, William Arnett, ẹni tó ń kó iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú jọ, rí fọ́tò kan tí aṣọ Annie Mae Young, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ ibẹ̀, wà nínú rẹ̀, ó sì wá ìyá náà lọ. Ṣáájú ìgbà náà, aṣọ ìbora tó bá ti gbó kọjá lílò, sísun ni wọ́n máa ń sun ún níbẹ̀ kí èéfín rẹ̀ lè lé ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ní 2002, iṣẹ́ wọn ti wà lára ògiri musíọ̀mù ní Houston, ó sì dé musíọ̀mù Whitney ní New York lọ́dún kan náà. Ní 2006, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi mẹ́wàá nínú wọn ṣe sítáǹpù.

Ní òdìkejì Amẹ́ríkà, ní ìlú Richmond ní California, ìyá kan wà tí wọ́n mọ̀ sí Rosie Lee Tompkins. Effie Mae Howard ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Arkansas ni wọ́n bí i sí ní 1936, ó kú ní 2006. Àrán ló fẹ́ràn jù, àrán tó ń dán, tó ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá fọwọ́ rà á. Ojú aṣọ ló ń rán. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn ló ń gún un mọ́ òwú àti ẹ̀yìn aṣọ, bí Irene Bankhead tàbí Willia Ette Graham. Nítorí náà, lára àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ nínú musíọ̀mù, ẹ lè bá orúkọ méjì àti ọdún méjì: ọdún tí ó rán ojú rẹ̀, àti ọdún tí ẹlòmíràn gún un. Àkọlé yẹn ń tu mí nínú. Ó jẹ́wọ́ ohun tí gbogbo aránṣọ alábùlẹ̀ mọ̀, pé ojú aṣọ tó wà ní kíká kò kú. Ó ń dúró de ọwọ́ ni, ọwọ́ yẹn kò sì pọn dandan kó jẹ́ ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má rò pé òkèèrè nìkan ni irú òye bẹ́ẹ̀ wà. Ní 2019, musíọ̀mù Brooklyn ní New York gbé ẹ̀kú eégún kan ṣoṣo kalẹ̀ fún ayé wò. Oríṣi aṣọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà lára rẹ̀, láti Áfíríkà, láti Yúróòpù, láti Éṣíà. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọ orírun rẹ̀ lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n já sí, wọ́n sì bá ìdílé tó ni ín sọ̀rọ̀. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí eégún bá fẹ́ yí, abala aṣọ rẹ̀ á fò sókè, ẹ ó rí èyí tó wà níta: àrán, aṣọ tó ń kọ mọ̀nà, tí wọ́n fi aṣọ pupa ṣe etí rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó. Abẹ́ wọn ni àwọn abala àtijọ́ wà, tí àwọ̀ wọn ti ṣá. Inú lọ́hùn-ún ni aṣọ òfì. Bí ọdún eégún bá ń bọ̀, ọmọ ilé á ra aṣọ tuntun, wọ́n á fi kún un láti fi yẹ́ bàbá sí. Wọn kì í bọ́ ti àtijọ́ dànù kí tuntun tó ráyè, orí rẹ̀ ni wọ́n ń rán an lé. Irú ẹ̀kú bẹ́ẹ̀ kò ní ọjọ́ tí a lè sọ pé ó parí, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́ àṣetì.

N kò sọ pé aṣọ ìbora àti ẹ̀kú jẹ́ ohun kan náà. Ọ̀kan wà fún òtútù, èkejì wà fún àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ìdílé tó mọ bí a ti í fi aṣọ tuntun lé àtijọ́ láti ìran dé ìran kò nílò kí àlejò wá kọ́ ọ pé méjèèjì lè jọ gbé.

Ó wá kù bí a ó ṣe ṣe é lórí tábìlì tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo maṣíìnì mọ̀ pé òwú ìránṣọ máa ń dì kókó nísàlẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ojú ìrán, pàápàá tí etí aṣọ bá fẹ́lẹ́: abẹ́rẹ́ á fa etí náà wọnú ihò, ẹ ó dúró, ẹ ó fà á yọ. Ọ̀pọ̀ aránṣọ máa ń fi àkísà kékeré kan ṣáájú nítorí èyí. Bonnie K. Hunter, aránṣọ alábùlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ló tan ọ̀nà kan kálẹ̀ tó sọ àkísà yẹn di iṣẹ́. Ẹ gé àgékù yín sílẹ̀ ní onígun mẹ́rin, kí ẹ kó wọn sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, ẹ kọ́kọ́ fi méjì nínú wọn kọjú síra, ẹ rán etí kan. Bí wọ́n bá ti kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ má gé òwú, ẹ ti iṣẹ́ gan-an tẹ̀ lé wọn. Bí ìyẹn bá tán, ẹ ti àgékù méjì mìíràn wọlé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gé iṣẹ́ gan-an kúrò lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ maṣíìnì kò ní ṣófo mọ́. Òwú tí ẹ ì bá gé dànù ti so àgékù méjì pọ̀, etí aṣọ kò sì wọ ihò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá gé àgékù ní íńṣì 2.5 lóròó àti níbùú, ojú ìrán á jẹ ìdá mẹ́rin íńṣì ní etí kọ̀ọ̀kan, á ku íńṣì 2. Aṣọ ìbora tó jẹ́ íńṣì 90 lóròó àti níbùú yóò gba 45 lọ́nà 45, ìyẹn àgékù 2,025. Iye yẹn ń dẹ́rù bani bí ẹ bá gbé e ka iwájú bí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ti orí méjì-méjì 20 wọlé láàárín iṣẹ́ mìíràn ní ìjókòó kan, nǹkan bí ìjókòó 51 ni gbogbo rẹ̀ yóò fi di méjì-méjì, láìjẹ́ pé ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa fi méjì so méjì lọ́nà kan náà. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ńlá yín bá parí, ẹ ó bá òmíràn nínú abọ́ tó ti rìn jìnnà. Èyí ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn tó dára jù sí ìbéèrè àwọn tó pè mí: ẹ má yan ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣáájú, kí èkejì tẹ̀ lé e.

Ewu kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Jésù mọ̀ nípa aṣọ: ó sọ ọ́ nínú Ìhìnrere pé ẹnìkan kì í lẹ aṣọ tuntun mọ́ ògbólógbòó ẹ̀wù, torí tuntun náà yóò fà á ya. Òótọ́ ni. Aṣọ tí a ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀ ti sún kì tán, tuntun kò tíì sún kì. Bí ẹ bá rán wọn pọ̀ lónìí, tí ẹ fọ̀ wọ́n lọ́la, tuntun á fà, ojú ìrán á hunjọ, bí àtijọ́ bá sì ti fẹ́lẹ́, á ya. Nítorí náà, ẹ fọ gbogbo àgékù tuntun kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ẹ fi omi gbígbóná fọ àǹkárá kí ìda orí rẹ̀ lè kúrò. Àdìrẹ ẹlẹ́lú, ẹ máa ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo funfun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò di búlúù. Aṣọ àtijọ́, ẹ gbé e sókè kọjú sí fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ojú rẹ̀ kọjá jù, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan tẹ́ ẹ lábẹ́ kí ẹ tó rán an, tàbí kí ẹ yọ ọ́ sílẹ̀. Léèsì àti sátínnì ò yẹ nínú èyí tí ẹ ó máa fọ̀ lóòrèkóòrè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí maṣíìnì ní àgékù àǹkárá tí ilé iṣẹ́ kò tẹ̀ mọ́, ó ní àgékù aṣọ ẹbí tí ìyá rẹ̀ fi ṣe ọdún, ó ní aṣọ òkè tí àwọn tó hun ún ti lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò lè ra ìyẹn lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá dì í mọ́lẹ̀ sínú àpò títí eku fi wọ̀ ọ́, ọmọ kò jèrè, ọ̀gá náà kò jèrè. Àgékù tó dára kò gbọ́dọ̀ máa dúró de iṣẹ́ kan tó dára tó o. Ẹ lò ó nísinsìnyí, kí ẹ fi àgékù ọ̀sẹ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àpò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ẹ gbé e jáde. Bí ẹ bá ṣí i tí inú yín dùn sí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ìtòsí maṣíìnì, kó bọ́ sórí ìlà. Bí kò bá dùn mọ́ yín mọ́, ẹ gé e. Mo mọ̀ pé ó ń dun ènìyàn láti fi ọ̀bẹ kan ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ṣùgbọ́n àgékù ló ti wá, kò sí ìtìjú nínú kó padà di àgékù. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àtijọ́ tilẹ̀ máa ń fi odindi aṣọ ìbora tó ti gbó sáàárín tuntun dípò òwú, tí wọ́n á sì gún un mọ́ ọn. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ ká padà, ẹ má ká a lásán. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, ẹ fi sínú àpò náà: ìwọ̀n tí ẹ gé e sí, iye ojú ìrán, àwọ̀ tí ẹ fẹ́ kó yí i ká, àti ibi tí ẹ dé. Lẹ́yìn ọdún méjì, orí kì í rántí ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò parí rẹ̀, bíi ti Tompkins, bébà yẹn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin ọ̀gá. Lẹ́yìn gbogbo aṣọ ẹbí tí a ń rán ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń gbá jáde kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ sórí ààtàn. Ẹ gbé agbọ̀n kan sí abẹ́ tábìlì ìgéṣọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ń kọ́ ìrán tààrà, dípò kó máa rán bébà sìmẹ́ǹtì tàbí àkísà tí a ó jù nù, kó máa rán àgékù méjì-méjì láti inú agbọ̀n yẹn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó máa tọ́jú wọn ní ọdún-ọdún, kó sì máa so tọdún yìí mọ́ tèṣí. Nígbà tó bá fẹ́ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, kó kó gbogbo rẹ̀ jọ di aṣọ ìbora kan, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a gún un, kó sì gbé e wá síwájú ọ̀gá àti òbí lọ́jọ́ náà. Ojú ìrán ọdún kìíní á wọ́, ti ọdún kẹta á tọ́, wọ́n á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ọ̀gá kankan má ṣe ní kó tú èyí tó wọ́.